Bọ́ǹsì àwọn Mennonite ní àárọ̀ ọyẹ́

Sátidé, Kubwa. Ọyẹ́ mú gan-an lónìí. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, ilé ìdáná wà ní 20°C, fùláwà inú ike wà ní 20°C, aṣọ tí a fọ̀ lálẹ́ àná sì ti gan bí awọ. Irú ọjọ́ báyìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé yíìsì àwọn ti kú. Yíìsì ò kú, òtútù ló mú un.

Bọ́ǹsì tí mo ń sọ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń dín lẹ́bàá ọ̀nà. Èyí tí a ń yan ni, tó fúyẹ́ bí òwú, tó ń ya ní fọ́nrán-fọ́nrán tí a bá fà á. Àwọn Mennonite ló ni ín, ìjọ Kristẹni tó ń jẹ́ orúkọ Menno Simons, àlùfáà ará Friesland tó kúrò nínú ìjọ Àgùdà ní 1536. Àwọn kan lára wọn tẹ̀dó sí etí odò Vistula, ní ilẹ̀ Poland òde òní. Láti 1789 ni wọ́n ti ń ṣí lọ sí ibi tó di Ukraine lónìí, nígbà tó sì di 1874, ọ̀pọ̀ wọn wọkọ̀ ojú omi lọ sí Kánádà àti Amẹ́ríkà. Sátidé ni wọ́n ń yan bọ́ǹsì yìí, kí ó lè wà nílẹ̀ fún ìpanu ọ̀sán ọjọ́ Sunday tí wọ́n ń pè ní faspa.

Láti orílẹ̀-èdè olótùútù ni ìlànà rẹ̀ ti dé ọwọ́ wa, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń sọ pé kí a lo omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Lónìí, ó tọ́. Ní oṣù Kẹta ní Àbújá, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yóò ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Dóò, ìyẹn fùláwà tí a ti pò, fẹ́ràn kí ara rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 26°C. Ìṣirò tí àwọn aṣebúrẹ́dì ń lò nìyí: ìlọ́po mẹ́ta 26 jẹ́ 78. Ẹ yọ ooru ilé ìdáná kúrò nínú rẹ̀, ẹ yọ ooru fùláwà kúrò, ohun tó bá ṣẹ́kù ni ooru tí omi gbọ́dọ̀ ní. Lónìí, 20 àti 20 kúrò nínú 78, ó ku 38°C. Nígbà ooru, tí ilé ìdáná àti fùláwà bá wà ní 33°C, ó ku 12°C péré: omi fíríìjì nìyẹn. Bí ẹ̀rọ ló ń bá yín pò ó, ẹ tún dín in kù díẹ̀, torí ẹ̀rọ náà ń dá ooru tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò ní ohun tí ń wọn ooru lè ta omi sí ọrùn ọwọ́ lápá inú. Omi 38°C kò ní gbóná, kò sì ní tutù, torí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ooru ara wa dọ́gba.

Ohun tí mo fi ṣe ti òní: fùláwà búrẹ́dì 500 g, yíìsì 5 g, ṣúgà 60 g, iyọ̀ 9 g, ọ̀rá 60 g, fínígà 15 ml, omi tí a fi se pòtétò 200 ml àti wàrà 110 ml. Bọ́ǹsì 16 ló máa ń jáde níbẹ̀ bí ìkọ̀ọ̀kan bá tó nǹkan bíi 60 g. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Mudu tí wọ́n fi ń ta fùláwà lọ́jà dára fún ríra, kò dára fún yíyan, torí ọlọ́jà kan á kó o kún dé òkè, òmíràn á fi ọwọ́ gbá a dọ́gba. Ẹ wo ojú àpò fùláwà pẹ̀lú: tí purotéènì rẹ̀ kò bá tó 11 g nínú 100 g, fùláwà búrẹ́dì kọ́ nìyẹn, kò ní lágbára láti gbé afẹ́fẹ́ dúró.

Omi pòtétò yẹn kì í ṣe àṣà lásán. Pòtétò tó ń ti Jos wá ni mo ní lọ́kàn, kì í ṣe ànàmọ́ dídùn. Sítáàṣì tó ti jinná sínú omi náà máa ń di omi mú nínú búrẹ́dì, kì í jẹ́ kó tètè gan, àǹfààní ńlá sì nìyẹn nínú ọyẹ́. Ẹ má fi iyọ̀ sí i nígbà tí ẹ bá ń sè é, kí iyọ̀ má baà di méjì. Bí wàrà bá jẹ́ ti Fúlàní tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ hó. Ìlera wa ń fẹ́ bẹ́ẹ̀, dóò náà sì ń fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ohun kan wà nínú wàrà tí a kò tíì sè tó ń sọ dóò di ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó lò ó.

Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn Mennonite ń lò tẹ́lẹ̀. Ní ìhà Àríwá níbí, níbi tí àwọn aládùúgbò tí a ó gbé abọ́ bọ́ǹsì sí ti jẹ́ Mùsùlùmí, a kì í lò ó. Man shanu, ìyẹn ọ̀rá wàrà màlúù, ló sún mọ́ ọn jù lójú tèmi, nítorí ọ̀rá pọ́ńbélé lòun náà, kò sí omi nínú rẹ̀. Òórùn rẹ̀ lágbára, nítorí náà ẹ lo 30 g rẹ̀, kí ẹ fi òróró 30 g kún un. Bọ́tà gidi ní omi díẹ̀ nínú, bí ẹ bá fẹ́ lo òun nìkan, kí ó tó 70 g, kí ẹ sì dín wàrà kù pẹ̀lú síbí kan.

Pípò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìfi ọ̀rá sí i, ẹ bò ó fún ogún ìṣẹ́jú, kí omi lè wọ fùláwà dáadáa. Lẹ́yìn náà kí ẹ máa pò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá máa fi ọ̀rá sí i díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí i. Yóò lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó lẹ̀! Ẹni tó bá ń bu fùláwà wọ́n ọn nítorí pé ó ń lẹ̀, bọ́ǹsì rẹ̀ yóò le bí òkúta lọ́jọ́ kejì. Òróró díẹ̀ ni kí ẹ fi pa ọwọ́. Ó ti tó nígbà tí ẹ bá fà á láàárín ìka, tó nà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá láìya.

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni dóò òní wọ abọ́. Pẹ̀lú omi 38°C, ó tó wákàtí kan àti àbọ̀ kí ó tó di ìlọ́po méjì, nínú ófùnù tí a kò tan, pẹ̀lú abọ́ omi gbígbóná kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi gbígbóná yẹn ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń fún un ní ooru, ó sì ń lé gbígbẹ ọyẹ́ jìnnà. Dóò tí ọyẹ́ bá fẹ́ sí lára yóò ní èèpo líle, èèpo náà kò ní jẹ́ kó wú, yóò sì ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú iná. Nígbà ooru, ẹ lo yíìsì 3 g dípò 5 g. Bí ó bá wú kíákíá, á máa rùn bí ọtí, kò sì ní ládùn.

Lẹ́yìn tí a ti gé e, tí a ti ká a róbótó, tí a sì tò ó sínú páànù, ó tún gbọ́dọ̀ wú. Níbí, ẹ má wo aago. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bí ojú ìka bá tètè padà, kò tíì tó. Bí ó bá rọra padà, tó sì ku àpá díẹ̀, ó ti yá. Bí kò bá padà rárá, ó ti kọjá àkókò, yóò sì wó nínú iná. Ẹ tún un ká, kí ẹ jẹ́ kó wú lẹ́ẹ̀kan sí i.

Iná gáàsì ń ti ìsàlẹ̀ wá nínú ọ̀pọ̀ ófùnù tí a ní, ìdí nìyẹn tí ìdí bọ́ǹsì fi ń jó kí ojú rẹ̀ tó pọ́n. Páànù méjì tí a kì bọ ara wọn, lórí àgbékà tó ga ju àárín lọ díẹ̀, máa ń tán ìṣòro yìí. 190°C fún ìṣẹ́jú 17 ló tó mi. Gbàrà tó bá jáde, ẹ fi bọ́tà ra ojú rẹ̀, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí ẹ bá ṣí i sílẹ̀ nínú ọyẹ́, èèpo rẹ̀ á gan. Ẹ má kó o sínú náílọ́ọ̀nù títí yóò fi tutù pátápátá, kí ó má baà bu. Ẹ má kó o sínú fíríìjì pẹ̀lú, ibẹ̀ ló ti ń tètè gan jù. Ibi tí nǹkan ti ń dì ló dára, bí iná bá wà.

Mẹ́fà ṣẹ́kù nínú ti òní. Zwieback ni àwọn Mennonite ń pe bọ́ǹsì tí wọ́n gbé kékeré lé orí ńlá. Wọ́n máa ń sun ún gbẹ láyé àtijọ́, kí wọ́n tó kó o rìnrìn àjò lórí òkun. Ọyẹ́ bá iṣẹ́ yìí mu. Ẹ ya bọ́ǹsì náà sí méjì, ẹ tò ó sínú ófùnù ní 100°C, ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ máa yí i padà. Ó lè tó wákàtí méjì. Ó ti gbẹ tán nígbà tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, tó dún pákáká, tí àárín rẹ̀ kò sì rọ̀ mọ́.