Bí Tálákà Ṣe Ń Fowó Pamọ́ ní Nàìjíríà àti ní Ìlú Ọba

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi ọjọ́ ti pẹ́. Kí n tó kúrò ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mò ń bá ṣiṣẹ́, ní UK tí mo wà báyìí náà, mo wà lára àwọn tó ń ran àwọn ìdílé tówó tó ń wọlé fún wọn ò tó nǹkan lọ́wọ́. Ohun tí mo rí níbi méjèèjì ni pé irọ́ ni pé tálákà ò mọ owó ná. Ìyá tó ń fi owó kékeré bọ́ ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dé ìparí mọ ìṣirò ju ọ̀pọ̀ olówó lọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló máa ń gbé wọn ṣubú, ọjọ́ tí ara ọmọ ò yá, ọjọ́ tí iṣẹ́ bọ́, ọjọ́ tí ohun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ bàjẹ́. Tówó díẹ̀ bá wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn wọ́n á rí i yẹ̀, tí ò bá sí, gbèsè bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní Nàìjíríà, ọwọ́ èèyàn lowó yẹn máa ń wà. Alájọ á wá bá èèyàn nídìí iṣẹ́ ẹ̀, á gba iye tó bá lè dá lójúmọ́, á sàmì sí káàdì, tóṣù bá parí á kó owó fún un, á sì yọ owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ tó ṣe. Kò sí fọ́ọ̀mù kankan, kò sẹ́ni tó máa ní kó lọ mú bíìlì iná wá. Èsúsú náà wà, káwọn kan jọ máa dá owó, kẹ́nì kan kó gbogbo ẹ̀ lóṣù yìí, kẹ́lòmíì kó o lóṣù tó ń bọ̀, èlé ò sí níbẹ̀ rárá. Ẹni tí ìṣòro bá sì dé bá lè bẹ àwọn tó kù pé kí wọ́n jẹ́ kóun kọ́kọ́ kó, wọ́n sì máa ń gbà, torí wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ ilé ẹ̀, wọ́n mọ àwọn ọmọ ẹ̀. Ìyẹn gan-an ni mi ò tíì rí báńkì tó lè ṣe é.

Àmọ́ tí alájọ bá sá lọ ńkọ́? Owó lọ nìyẹn. Ní 2024, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tó wà ní báńkì, gbé iye tó pọ̀ jù tí wọ́n máa san fún ẹni tó fowó sí microfinance bank, ìyẹn báńkì kékeré, tó bá kógbá sílé kúrò ní 200,000 náírà lọ sí mílíọ̀nù 2, wọ́n sì gbé tàwọn báńkì ńlá láti 500,000 lọ sí mílíọ̀nù 5. Ohun tó dáa ni wọ́n ṣe o, ṣùgbọ́n owó tó wà nínú àpò alájọ ò sí lábẹ́ ààbò yẹn rárá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ lowó àwọn tí wọn ò ní nǹkan kan míì pọ̀ sí.

Ẹ wá wo ti ibí. Credit union tí wọ́n ní níbí jọ alájẹṣẹ́kù wa gan-an, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń fowó pamọ́, owó yẹn náà ni wọ́n ń yá ara wọn. Látọdún 1979 ló ti ní òfin tiẹ̀, ní England, Scotland àti Wales èlé tí wọ́n lè gbà lórí ẹ̀yáwó ò gbọ́dọ̀ ju 3% lóṣù, tó bá sì kógbá sílé, owó yín ní ààbò bíi ti báńkì. Ètò kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Help to Save, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó sì ń gba Universal Credit, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba fáwọn tówó tó ń wọlé fún wọn ò tó, lè máa fi tó 50 pọ́n-ùn pamọ́ síbẹ̀ lóṣù. Tọ́dún méjì bá pé, ìjọba á fún un ní ìdajì iye tó pọ̀ jù tó ti wà níbẹ̀ rí, wọ́n á tún fún un ní àfikún míì lẹ́yìn ọdún kẹrin, tí gbogbo ẹ̀ lè tó 1,200 pọ́n-ùn. Àwọn tó tọ́ sí tí wọn ò gbọ́ nípa ẹ̀ rí pọ̀ gan-an láàárín àwọn tí mò ń bá pàdé, ó sì máa ń dùn mí, torí lẹ́tà kan tàbí ẹnì kan tó jókòó tì wọ́n nídìí fóònù fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Àwa àjèjì wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni físà wa sọ pé a ò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba. A ń san tax, a ń san National Insurance, ṣùgbọ́n tí wàhálà bá dé, Universal Credit ò sí fún wa, Help to Save náà ò sì sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn wa fi ń dá àjọ níbí, lórí WhatsApp ni wọ́n ti ń ṣe é, ó sì ń gbà wọ́n. Ibi tó ti ń bí mi nínú ni pé obìnrin tó ti ń dá àjọ bọ̀ látọjọ́ pípẹ́ tí ò pa oṣù kankan jẹ á lọ tọrọ ẹ̀yáwó, wọ́n á ní àwọn ò rí àkọsílẹ̀ kankan nípa ẹ̀, torí àjọ ò sí nínú credit report, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè tí àwọn ayánilówó máa ń wò. Olóòótọ́ èèyàn, wọ́n á wá máa wò ó bí ẹni tí ò sanwó rí!

Ọ̀rọ̀ gbèsè ló wá yàtọ̀ jù. Ní Nàìjíríà, ìtìjú ni wọ́n fi ń gba gbèsè. Àwọn tó gba gbọ́múlélántàn, ẹ̀yáwó tí wọ́n ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mọ̀ ọ́n, tẹ́nì kan ò bá rí tọ̀sẹ̀ yẹn san, àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ ni wọ́n á dúró tì lọ́rùn. Àwọn lóònù ápù, ìyẹn àwọn ápù tó ń yáni lówó lórí fóònù, tiẹ̀ burú ju ìyẹn lọ, wọ́n á fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù èèyàn pé olè ni, wọ́n á ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́, wọ́n á ránṣẹ́ sí àna ẹ̀. Ní 2022 ni FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ wọn sílẹ̀, wọ́n sì tún gbé òfin tó le jáde ní 2025. Ní UK, látọdún 2015, ẹni tó yá owó payday, ìyẹn owó kékeré téèyàn máa ń yá de owó oṣù, ò lè san èlé àti owó ìtanràn tó ju iye tó yá lọ. Látọdún 2021, ní England àti Wales, tẹ́ ẹ bá lọ bá agbaninímọ̀ràn gbèsè, ó lè gba ọgọ́ta ọjọ́ fún yín tí wọn ò ní lè fi èlé kún gbèsè náà tàbí rán akọ́dà kóòtù sí yín. Ọ̀fẹ́ ni.

Síbẹ̀ àwọn èèyàn máa ń di gbèsè mọ́ra níbí títí tó fi máa bẹ́. Ará ilé kejì ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n tó wà ní ìlú míì ò mọ̀, lẹ́tà á kún dúróà láì ṣí i. Torí náà, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé ká jókòó pẹ̀lú ẹni náà, ká jọ ṣí gbogbo lẹ́tà, ká wá kó owó ilé, council tax (owó orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà), iná àti gáàsì sápá kan, torí àwọn yẹn ni wàhálà wọn máa ń le jù, wọ́n lè lé èèyàn síta tàbí kí wọ́n já iná ẹ̀. Ti káàdì lè dúró díẹ̀, bó ti wù kí lẹ́tà wọn le tó, àfi tó bá jẹ́ lẹ́tà kóòtù. Àwọn míì máa ń sunkún tá a bá ṣí lẹ́tà tó kẹ́yìn tán, wọ́n á ní èyí nìgbà àkọ́kọ́ táwọn máa mọ iye tó jẹ́ gan-an.

Ní tèmi, ẹni tó bá fẹ́ ran ìdílé lọ́wọ́ ní Nàìjíríà, kó má wulẹ̀ dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, kó lọ bá àwọn tó ti ń dá àjọ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n ṣí ákáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́ ní báńkì tó wà lábẹ́ NDIC, kí èèyàn mẹ́ta máa sáìnì kówó tó jáde, kí wọ́n sì máa ka ìṣirò sókè ní gbogbo ìpàdé. Ní UK ńbí, ohun tá à ń gbìyànjú ni pé káwọn ọmọ àjọ náà wọ credit union, kẹ́ni tó bá kó àjọ fi díẹ̀ síbẹ̀, tó bá sì yá, kó yá owó kékeré kó san án tán, torí ọ̀pọ̀ credit union máa ń fi ìyẹn sínú àkọsílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wà nínú àjọ kan níbí, ẹ lọ bèèrè ní credit union àdúgbò yín bóyá wọ́n ń gba ẹni tó wà lórí físà, ohun tí oníkálukú wọn ń béèrè máa ń yàtọ̀.