Kí Ló Wà Nílà-Oòrùn Ògiri Yín?

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń ya plán ìlú etíkun, mo ti rí iṣẹ́ yín. Ó rẹwà. Igi àgbọn tò lọ rẹrẹ, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà, gọ́tà wà, ògiri òkun náà sì gùn gbọọrọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ògiri yẹn parí sí lápá ìlà-oòrùn ni ìwé náà parí sí. Mo béèrè ohun tó wà lẹ́yìn ibẹ̀, ọ̀kan nínú yín sì dá mi lóhùn pé, "Ìyẹn ò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa, sà." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, lẹ́nu ẹni tó ju yín lọ, abúlé odidi kan ló sì bá a lọ. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Màá tò ó ní oókan, eéjì, nítorí mo mọ̀ pé ẹ ò ní sùúrù.

Èkíní, ẹ má fi oṣù kan ṣoṣo wọn etíkun. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ lọ sétíkun Lẹkki nígbà ọyẹ́, iyanrìn ni yóò rí lọ salalu, ibẹ̀ ni yóò sì fi pààlà. Kó padà lọ láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, kó wá ààlà rẹ̀ kiri. Oṣù kẹjọ ọdún 2012 ni òkun ya wọ Kuramo, etíkun kan ní Victoria Island l'Ékòó, tó gbé àwọn tó ń sùn nínú àhéré etíkun lọ.

Èkejì, òdo (ìyẹn ibi tí ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀) tí àwọn awọnlẹ̀ fi ń ka gíga ilẹ̀ yàtọ̀ sí òdo tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi fi ń ka jíjìn omi. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n fi wọn ilẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó fi ẹnu gọ́tà síbì kan. Mo mọ ẹ̀sìteètì kan tó jẹ́ pé bí òjò bá bá omi kíkún pàdé, inú gọ́tà ni ọ̀sà ń gbà wá kí onílé ní pálọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti iyanrìn. Èyí ò ṣeé sọ ní gbólóhùn kan.

Wọ́n ti kọ́ yín nílé ìwé pé láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni ìgbì wa ti ń wá, pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń lu etíkun, tó sì ń kó iyanrìn lọ sílà-oòrùn lójoojúmọ́. Ohun tí wọn kì í kọ́ yín ni ẹni tó ń san owó rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Òyìnbó to òkúta sẹ́nu òkun Èkó láàárín 1908 sí 1912 kí ọkọ̀ lè rọ́nà wọlé, iyanrìn dúró sápá ìwọ̀-oòrùn, Lighthouse Beach ń fẹ̀ sí i, Bar Beach tó wà lódìkejì sì bẹ̀rẹ̀ sí í joro. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń da iyanrìn síbẹ̀ tí òkun ń gbé e lọ. Lónìí, Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n da iyanrìn sókun kọ́, ló wà níbẹ̀, lẹ́yìn ògiri tí wọ́n ṣètò pé kó gùn tó kìlómítà 8.5. Àwọn ará Okun Alfa, abúlé kan létíkun Lẹkki nílà-oòrùn, ń ké pé àwọn ni òkun wá ń jẹ. Àwọn tó kọ́ ọ ní ọwọ́ àwọn mọ́. Èbúté Lomé àti ti Kútọnu tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1960 ṣe bẹ́ẹ̀ náà: ẹ gba etíkun lọ sílà-oòrùn wọn, ẹ ó rí ibi tí ilé wà tẹ́lẹ̀. Òkun dà bí olówó ayé àtijọ́: bí ẹni tó jẹ gbèsè bá tilẹ̀kùn, ará ilé kejì ni yóò dì mú.

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé nídìí iṣẹ́ yìí, ilé iṣẹ́ tí mo wà gba iṣẹ́ ibi ìgbafẹ́ kan létíkun, lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Olówó fẹ́ ògiri tó dúró ṣánṣán, kí àwọn àlejò lè máa jókòó lórí rẹ̀ wo òkun. Abúlé apẹja kan wà nílà-oòrùn ibẹ̀. Bàbá kan níbẹ̀ ló mú mi dé ìdí kànga wọn, tó jìnnà sómi dáadáa nígbà yẹn. Ó bu iyanrìn sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí tó ò ń wò yìí, kì í ṣe tiwa. Ó ń kọjá lọ ni. Bẹ́ ẹ bá dá a dúró lọ́hùn-ún, orí kí la fẹ́ dúró lé?"

Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá. Mo ní kí wọ́n sún ilé sẹ́yìn kí òkun ráyè ṣe tirẹ̀, tàbí bí ògiri bá pọn dandan, kí owó iyanrìn tí wọn yóò máa dà sílà-oòrùn lọ́dọọdún wọ inú ìṣirò. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa." Nígbà tí agbaṣẹ́ṣe yọ aṣọ tí à ń tẹ́ sẹ́yìn ògiri kí iyanrìn má baà yọ́ jáde, nítorí kó lè dín owó kù, mo tún kọ òmíràn. Wọ́n ní mo fẹ́ ba ọjà jẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, ìlù dún, òkun náà dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n pè sí òde. Òjò ọdún kejì ló tú àṣírí. Ìgbì ń lu ògiri, ó ń ta padà, ó sì ń wa ẹsẹ̀ ògiri náà. Ní ìparí rẹ̀ nílà-oòrùn, omi yí po, ó kọjú sí abúlé. Ibi tí àwọn ìyá ti ń yan ẹja ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà igi àgbọn, lẹ́yìn náà ilé. Nígbà tí mo padà débẹ̀, òrùka kọnkéré kànga yẹn nìkan ló dá dúró láàárín omi, ìgbì ń wọ̀ ọ́, ó ń jáde.

Ní ibi ìgbafẹ́, wọ́n to ìkòkò òdòdó sórí ibi tí ilẹ̀ ti jìn. Mo fi ọ̀pá irin lu pèpéle ẹ̀yìn ògiri. Ó ń dún gbòò gbòò. Iyanrìn abẹ́ rẹ̀ ti gba àlàfo ògiri lọ tán. Kò pẹ́ tó fi wó.

Nípàdé, ọ̀gá sọ fún olówó pé àwọn ọmọ kéékèèké ló ṣe ìṣirò náà. Ojú mi ló ti sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ fún iṣẹ́ mìíràn, àwa la sì jókòó pàtẹ́wọ́. Inú mi ò tíì yọ́ sí i títí dòní.

Àwọn ará abúlé yẹn ṣí lọ sódìkejì títì. Ẹ sọ fún mi bí apẹja yóò ṣe ru ọkọ̀ rẹ̀ sọdá ọ̀nà mọ́tò mẹ́fà. Tálákà ni wọ́n máa ń fi ewu omi lé. Lọ́dún 1990, lára ohun tí ìjọba wí nígbà tó lé àwọn ará Maroko, àdúgbò tálákà kan l'Ékòó, ni pé omi lè bo ilẹ̀ wọn. Ẹ lọ wo ilé àwọn olówó tó wà níbẹ̀ báyìí. Ṣé ilẹ̀ náà ti ga sí i ni?

Mi ò rántí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀kẹrin mọ́. Ẹ ṣáà lọ wo bí Togo àti Benin ṣe jọ tún ààlà etíkun wọn ṣe lábẹ́ WACA, ètò tí Báńkì Àgbáyé ń ṣe agbátẹrù rẹ̀ láti dáàbò bo etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí wọ́n ti rí i pé iyanrìn kì í gba ìwé ìrìnnà. Níbi tẹ́ ẹ bá ti lè fi àyè sílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Níbi tẹ́ ẹ bá ti gbọ́dọ̀ kọ́ ògiri, ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò máa sanwó iyanrìn síwájú sínú àdéhùn.

Bẹ́ ẹ bá sì kọ lẹ́tà ìkìlọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn gbà á, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà nílé yín. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì máa ń bàjẹ́ lọ́jọ́ tí olówó bá ń béèrè fáìlì.