"Wo tìẹ, má wo tèmi!"

Ẹni tó bá ti gbá GoldenEye 007, géèmù ìbọn yẹn, rí lórí ẹ̀rọ Nintendo 64, èèyàn mẹ́rin nídìí tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, tí síkíríìnì pín sí mẹ́rin, kálukú pẹ̀lú igun tiẹ̀, ó máa mọ ariwo yìí dáadáa. Bọ̀dá mi ló máa ń pa á jù, torí òun ló fẹ́ràn kó máa lọ ba sẹ́yìn ilẹ̀kùn, èmi á sì ti yọjú wo igun tiẹ̀, màá rí irú ògiri tó wà níwájú ẹ̀, mo ti mọ yàrá tó wà nìyẹn, màá kàn gba ẹ̀yìn yọ sí i ni. Inú máa ń bí i gan-an ni o.

1997 ni géèmù yẹn jáde. Ẹ rò ó wò, ẹ̀rọ kékeré yẹn ní láti ya ilé kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin lójú ẹsẹ̀ kan náà, torí ibi tí kálukú dúró sí yàtọ̀ síra, ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan fi máa ń fà nílẹ̀ tí bọ́ǹbù bá ti ń dún lọ́tùn-ún lósì. Wàhálà yẹn náà ló jẹ́ kí àwọn tó ṣe géèmù Halo 5 yọ split-screen, ìyẹn pípín síkíríìnì báyìí, kúrò nínú ẹ̀ lọ́dún 2015, wọ́n fẹ́ kó máa gbé àwòrán 60 jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Sinimá náà ti ń pín síkíríìnì tipẹ́. Nínú Suspense tí Lois Weber ṣe ní 1913, obìnrin kan dá wà nílé pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, ó ń pe ọkọ ẹ̀ lórí fóònù, ni wọ́n bá pín ojú àwòrán sí onígun mẹ́ta, ìyàwó nínú ọ̀kan, ọkọ láàárín, nínú ìkẹta olè ń fa kọ́kọ́rọ́ yọ lábẹ́ ẹní ìnusẹ̀. Ọkọ ò rí olè, ìyàwó ò rí kọ́kọ́rọ́, àwa tá à ń wò nìkan la rí gbogbo ẹ̀, kò sì sí nǹkan tá a lè ṣe sí i. Ti géèmù ò rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà nínú ọ̀rọ̀ gan-an ló ń rí ara wọn, ohun tí mo sì fẹ́ràn nínú ẹ̀ nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi nífẹ̀ẹ́ géèmù It Takes Two ti 2021. Ẹni méjì gbọ́dọ̀ gbá a, kódà tí ẹnì kejì bá wà ní ìlú míì tẹ́ ẹ jọ ń gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, síkíríìnì á ṣì pín sí méjì, wàá máa rí tiẹ̀, á máa rí tìẹ. Èmi àti bọ̀dá mi la jọ gbá a. Níbì kan, ọ̀kan mú ìṣó, ìkejì mú òòlù, ẹni ìṣó á ju ìṣó mọ́ ògiri, ẹni òòlù á fi òòlù kọ́ ọ, á sì fò kọjá. Èmi ni mo mú òòlù. Mo ti fẹ́ fò, ìṣó ò tíì débẹ̀, ni bọ̀dá mi bá pariwo, "Wo tèmi, wo tèmi jọ̀ọ́!"