Gíláàsì wa gba àwọ̀!

Ẹ bá mi yọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Cadmium sulphide, ìyẹn àpapọ̀ mẹ́táàlì cadmium àti sulphur, la ń ṣe ní láàbù wa nílé-Ifẹ̀ níbí. A po iyọ̀ cadmium, thiourea (òun ló ń mú sulphur wá) àti ammonia pọ̀ sínú bíkà, a ki pélébé gíláàsì bọ̀ ọ́ lóòró. Ammonia yẹn, háà! Imú ń ta mí, ojú ń ṣomi. Ẹ̀gbọ́n tó ń ṣe PhD ní n ò gbọdọ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́, torí májèlé ni cadmium.

Omi náà mọ́ gaara. Ooru ń mú un títí ó fi dé dígírì 70, kò ṣe bíi pé nǹkan kan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ìrẹsì ọ̀sán ni mo ti ń rò ní tèmi. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ká tó ṣẹ́jú, gbogbo ẹ̀ ti di yẹ́lò!

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó!”

A yọ gíláàsì, a fi omi ṣàn án, a gbé e sójú fèrèsé. Awọ kan ti lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Irun orí nípọn jù ú lọ fíìfíì. Ó yẹ́lò torí pé ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ búlúù mì, ó ń jẹ́ kí èyí tó kù kọjá. Ìyẹn ni wọ́n fi ń lò ó níwájú àwọn pánẹ́ẹ̀lì sólà kan tí wọ́n fi cadmium telluride, èròjà tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná, ṣe.

A ṣì máa gbé e sábẹ́ X-ray, ká wo bí kírísítà rẹ̀ ṣe tò. Mo ti fa fóònù yọ láti ya fọ́tò, ni ẹ̀gbọ́n bá ní, “Kọ déètì sẹ́yìn ẹ̀ ná, jàre.”