Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ibi Tí Ìtàn Wọn Parí Sí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ lámèyítọ́ fíìmù àti orin, mo mọ ìbéèrè tó máa ń yá lẹ́nu yín tí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin: mélòó ni wọ́n nínú fíìmù ọdún yìí? Kò sí ohun tó burú nínú kíka iye. Àmọ́ ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé ibi tí ìtàn wọn parí sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ sì wádìí ẹni tó ní kó parí síbẹ̀.

Ẹ mú The Children's Hour, eré orí ìtàgé tí Lillian Hellman gbé jáde ní 1934. Ọmọ iléèwé kan parọ́ mọ́ àwọn olùkọ́ obìnrin méjì pé wọ́n ń fẹ́ ara wọn. Nígbà tí William Wyler fẹ́ fi ṣe fíìmù ní 1936, òfin Hays tó de àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ dárúkọ irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀. Ni wọ́n bá yí irọ́ náà padà: ó di pé ọ̀kan nínú wọn ń yan àfẹ́sọ́nà ìkejì lálè. Wọ́n pààrọ̀ orúkọ fíìmù náà pẹ̀lú, wọ́n pè é ní These Three. Wyler yìí kan náà tún padà sídìí ìtàn yẹn ní 1961, Audrey Hepburn àti Shirley MacLaine ló ṣe olùkọ́ méjèèjì nínú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Martha, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà, jẹ́wọ́ pé lóòótọ́ lòun nífẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ òun. Kò pẹ́ sígbà náà ló pokùn so. Tó bá jẹ́ iye lẹ ń kà, 1961 sàn ju 1936 lọ, torí ọ̀kan ju òdo lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tójú ọ̀kan yẹn rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ìwé. Marijane Meaker kọ Spring Fire ní 1952 lábẹ́ orúkọ Vin Packer, olóòtú rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ parí sáyọ̀, kí ilé ìfìwéránṣẹ́ má baà gbẹ́sẹ̀ lé e. Lọ́dún yẹn gan-an ni Patricia Highsmith gbé The Price of Salt jáde, tí òun náà fi orúkọ mìíràn bojú, àmọ́ tó jẹ́ kí àwọn obìnrin méjèèjì tún rí ara wọn nígbẹ̀yìn. Ìwé yẹn ni Todd Haynes fi ṣe Carol ní 2015.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Desert Hearts tí Donna Deitch ṣe ní 1985, lẹ́yìn tó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá owó rẹ̀ kiri. Ní ìparí rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ti fẹ́ gbéra, Vivian wà nínú rẹ̀, Cay, obìnrin tó ń fẹ́, wà nílẹ̀. Vivian ò bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá òun gbé títí ayé. Ohun tó ní kó ṣe ò ju pé kó bá òun dé ibùdókọ̀ tó kàn. Cay bá gòkè. Ó tán! Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó ń ké àbámọ̀. Ẹ wo apá yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kankan nípa fíìmù náà.

Ẹni tó bá rò pé ìparí ìtàn kì í ṣe nǹkan bàbàrà, kó gbọ́ ohun tójú Wanuri Kahiu rí. Rafiki tó ṣe, ìtàn ọmọbìnrin méjì tó ń fẹ́ra wọn, ni fíìmù Kẹ́ńyà àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn fún àjọ̀dún fíìmù Cannes, ní 2018. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò nílẹ̀ Kẹ́ńyà fòfin dè é, Kahiu sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé ìparí rẹ̀ ni wọ́n ní kóun tún ṣe, pé ìrètí inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó ní òun ò ṣe. Ó gba ilé-ẹjọ́ lọ. Lóṣù Kẹsàn-án, adájọ́ dá òfin náà dúró fún ọjọ́ méje, èrò sì ya lọ sílé sinimá ní Nairobi láti lọ wò ó.

Ní ti orin, ọ̀rọ̀ ò le tó bẹ́ẹ̀, torí orin ò ní láti sọ bó ṣe parí. Ní 1928, Ma Rainey, olórin blues ọmọ Amẹ́ríkà, ti kọrin nínú Prove It on Me Blues pé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun jáde lálẹ́, pé obìnrin ni gbogbo wọn, torí òun ò fẹ́ràn ọkùnrin, kí ẹni tó bá lè fi ẹ̀rí mú òun wá mú òun. Ẹ wá àwòrán tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fi polówó àwo náà: Ma Rainey wọ kóòtù ọkùnrin, ó de táì, ó dé fìlà, ó ń bá àwọn obìnrin méjì tàkúrọ̀sọ, ọlọ́pàá kan sì dúró lọ́ọ̀ọ́kán tó ń ṣọ́ wọn. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi tà á! Ní 1973, àwọn obìnrin kan dá Olivia Records sílẹ̀ ní Washington, kí wọ́n lè máa gba orin ara wọn sílẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Chappell Roan, olórin ọmọ Amẹ́ríkà, gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy ti olórin tuntun tó dáńtọ́ jù ní 2025, kò fi ẹni tó ń fẹ́ bò mọ́ra rárá.

Àmọ́ àwọn fáànù gan-an ni ọ̀gá mi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kẹta 2016, nínú eré tẹlifíṣọ̀n The 100, àwọn obìnrin méjì kan, Lexa àti Clarke, ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè fìfẹ́ hàn síra wọn ni, kí ọta ìbọn tó ṣìnà tó gbẹ̀mí Lexa. Inú bí àwọn fáànù, àmọ́ wọn ò fi mọ sórí ìbínú. Wọ́n dáwó tó lé ní 100,000 dọ́là fún àjọ Trevor Project tó ń gba àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ ìpara-ẹni. Nígbà tó di 2017, àpéjọ ClexaCon, tí wọ́n fa orúkọ rẹ̀ yọ látinú Clarke àti Lexa, ti wáyé ní Las Vegas. Ṣáájú wọn, àwọn fáànù eré tẹlifíṣọ̀n Xena ti ń kọ ìtàn tiwọn nípa Xena àti Gabrielle ọ̀rẹ́ rẹ̀, débi pé àwọn tó ń ṣe eré náà gba Melissa Good, ọ̀kan nínú àwọn fáànù tó ń kọ̀tàn, pé kó wá kọ eré fún àwọn. Wọ́n ṣì pa Xena níparí, ní 2001. Kò dí àwọn fáànù lọ́wọ́. Títí di òní, wọ́n ṣì ń kọ ọ́ láàyè.

Mi ò ní tàn yín, àwọn fáànù lè bá ara wọn jà lórí ohun tí kò tó nǹkan, ẹ sì máa ka ìtàn tí kò dùn kí ẹ tó kan èyí tó dùn. Ẹ ṣáà kà á. Tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ lò nínú rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ni ín, kí ẹ gbàṣẹ, orúkọ tó fi sórí ìtàn náà sì ni kí ẹ lò. Ẹ má wá orúkọ àbísọ rẹ̀ kiri. Àwọn kan wà nínú wọn tí ẹbí wọn ò tíì mọ̀ pé obìnrin ni wọ́n ń fẹ́.