Ọdún 2024 nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́: ₦70,000 dé, ta ló rí i gbà?

Bí ẹ bá béèrè ohun tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe lọ́dún 2024 tó ń parí lọ yìí, ₦70,000 ló máa kọ́kọ́ bọ́ sí ẹnu gbogbo èèyàn. Òótọ́ sì ni. Ọjọ́ 29 oṣù Keje ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ú. Owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní ₦30,000 tí a ti ń bá yí láti ọdún 2019, àtúnyẹ̀wò tó jẹ́ ọdún márùn-ún márùn-ún tẹ́lẹ̀ sì di ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Ṣùgbọ́n èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹ̀ka kan láàárín òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ibòmíì ni ọdún tèmi wà. Abuja ni wọ́n ti ń pe iye. Ní ìpínlẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó máa rí i gbà, oṣù tó máa rí i, àti èló gan-an ló máa wọ àpò rẹ̀. Kò sí oníròyìn kankan níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìyẹn.

Ẹ jẹ́ n yára kọjá lórí èyí tí gbogbo ayé mọ̀. A wọ́de nítorí ebi ní oṣù Kejì. A daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, iná mànàmáná kú káàkiri Nàìjíríà, wọ́n sì ní ká dá a dúró lọ́jọ́ kejì. NLC àti TUC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ méjèèjì ní Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ láti ₦615,000, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ₦48,000, ẹ mọ ibi tó parí sí. Ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n mú Joe Ajaero, ààrẹ NLC, ní pápákọ̀ òfurufú Abuja, wọ́n tú u sílẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Fóònù mi kò sinmi lọ́jọ́ yẹn. Àwọn tí kì í yọjú sí ìpàdé rárá ló ń pè jù, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá a máa ti sẹkitéríàtì kí wọ́n má bàa wọkọ̀ wá síṣẹ́ lásán.

Kí owó tuntun náà tó kan ìpínlẹ̀ wa, epo bẹntiróòlù ti gbowó lórí lẹ́ẹ̀mejì. Ó di ₦855 ní ilé epo NNPC l'Ékòó níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ó di ₦998 ní oṣù Kẹwàá. Ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ìyókù.

Láti oṣù Kẹwàá ni àwọn gómìnà apá ọ̀dọ̀ wa ti ń kéde tiwọn. Èkó pe ₦85,000, Ọ̀yọ́ ₦80,000, Ògùn ₦77,000, Ọ̀ṣun ₦75,000, Òǹdó ₦73,000, Èkìtì àti Kwara ₦70,000. Àwọn èèyàn ń fi iye wọ̀nyí bú ara wọn lórí WhatsApp, bí ẹni pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá. Lójú tèmi, iye tí gómìnà pè lórí rédíò ló rọrùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Tébù owó oṣù ni kí ẹ béèrè, ìyẹn ìwé tó to iye tí ìpele òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gbà.

Ẹ wò ó báyìí. Kí owó tuntun tó dé, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ní ìpele 1 ń gba ₦30,000. Ẹnìkan wà lókè rẹ̀ tó ti lo ọdún méjìlá, tó ti ṣe ìdánwò ìgbéga, tó ń gba ₦68,000. Bí ìjọba bá gbé àwọn méjèèjì dé ₦70,000, kò tíì rú òfin, ṣùgbọ́n ó ti fọwọ́ pa ọdún méjìlá rẹ́. Bí ẹ bá sì ní kí wọ́n fi ìwọ̀n tí wọ́n fi gbé ẹni ìsàlẹ̀ gbé ẹni gbogbo títí dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà, àpò ìpínlẹ̀ kò ní í gbà á. Àárín méjèèjì yìí la ti ń jà. Ìpele kọ̀ọ̀kan, àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan nínú ìpele, ló ní iye tirẹ̀.

Ní ìjókòó wa lórí tébù yìí, aṣojú NLC, TUC àti JNC (ìgbìmọ̀ tó ń bá ìjọba dúnàádúrà fún òṣìṣẹ́ ìjọba) wà ní apá kan, àwọn tó ń mójú tó owó ìjọba wà ní apá kejì. Wọ́n pín tébù fún wa, ó gùn, lẹ́tà inú rẹ̀ sì kéré. Iye tuntun dára lójú. Bàbá kan láti ẹgbẹ́ olùkọ́, tó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ń fi ìka tẹ̀lé ìlà kan lọ tẹ̀lé ìlà kan bọ̀. Ó wá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní: “Ọ̀gá akáǹtáǹtì, ẹ má bínú sí àgbàlagbà. Ṣé owó gbà-máà-bínú tí ẹ ti ń san fún wa láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, òun náà lẹ dì sínú èyí, tí ẹ wá ń pè é ní àfikún?”

Yàrá náà dákẹ́. Òun ni wọ́n dì síbẹ̀ lóòótọ́. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, àfikún tí àwọn tó wà láàárín máa rí kò tó owó ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní àwọn máa lọ tún un wò. Nígbà tí tébù náà padà dé, ìlà yẹn ti kúrò, àmọ́ ohun tí wọ́n fi kún ti ìpele 7 sí 10 ti fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. A tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a fọwọ́ sí níkẹyìn kò tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n mo lè dúró níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kí n ṣàlàyé ìlà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo sọ nípàdé tí kò dùn mọ́ àwọn kan nínú: ẹgbẹ́ wa kún fún ẹni tó lè sọ̀rọ̀ níwájú èrò, orin ìjà sì pọ̀ lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n ẹni tó lè jókòó ti Excel títí ilẹ̀ fi máa ṣú, ẹ bá wa wá a. Ká ní bàbá yẹn kò wá lọ́jọ́ náà ńkọ́?

Lọ́dún 2021 tí àwọn kan fẹ́ yọ owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa pe tirẹ̀, mo wà lára àwọn tó wọ́de tako ó. Lẹ́yìn ohun tí mo rí nínú tébù ọdún yìí, màá tún wọ́de ọ̀hún lọ́la.

Nígbà tí NLC pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá pé kí ìpínlẹ̀ tí kò bá tíì san an daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, tiwa ti tọwọ́ bọ̀wé. Aláàtì dé. Àwọn èèyàn dúpẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí tí owó orí fi pọ̀ sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣì ń retí. Láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, gbogbo ẹni tí a bá lọ bá ló ń na ìka sí ẹlòmíì. Ti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì tún burú jù. Abala 210 nínú ìwé òfin Nàìjíríà sọ pé nígbà tí wọ́n bá tún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ṣe, kí wọ́n tún owó ìfẹ̀yìntì yẹ̀ wò pẹ̀lú. A ka abala náà sí wọn létí. Wọ́n ní àwọn gbọ́.

Àwọn tó gba ọkàn mi jù lọ́dún yìí ni àwọn tó ń gbálẹ̀ sẹkitéríàtì. Lọ́sẹ̀ tí aláàtì dé, mo bá ọ̀kan nínú wọn lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀ kùtù, ó ń nu ilẹ̀.

“Ẹ kú oríire o, ọ̀gá. Wọ́n ní owó yín ti dé.”

“Ẹ ṣeun, mà. Tiyín ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Tiwa kẹ̀? Àwa ò sí nínú ìwé yẹn.”

Kò sí nínú rẹ̀ lóòótọ́. Agbaṣẹ́ṣe ló gbà wọ́n síṣẹ́, ohun tó ń san fún wọn kò sì tó ìdajì ₦70,000. Òfin yọ agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá pé 25 sílẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn agbálẹ̀ ilé àkọ́kọ́ ní sẹkitéríàtì wà lórúkọ ilé-iṣẹ́ kan, ti ilé kejì wà lórúkọ òmíràn, kò sí ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé 25 nínú wọn, ọwọ́ kan náà ló sì ń sanwó fún gbogbo wọn. Owó ìjọba náà ni o! Ìyẹn ni pé ìjọba tó fọwọ́ sí ₦70,000 ń gba ẹ̀yìn sanwó fún ẹni tí kò rí i.

A bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣèpàdé nírọ̀lẹ́, kì í ṣe nínú sẹkitéríàtì. A ṣàlàyé pé abala 40 nínú ìwé òfin fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti dára pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́, àti pé òfin iṣẹ́ kò gbà kí agbanisíṣẹ́ fi má-wẹgbẹ́ ṣe àdéhùn gbígbà síṣẹ́. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Obìnrin kan wá béèrè pé: tí wọ́n bá ní kí òun má wá mọ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè, ta ló máa san owó iléèwé ọmọ òun kí ilé ẹjọ́ tó dájọ́? Ẹnikẹ́ni kò ní ìdáhùn. Látìgbà náà a kì í kọ orúkọ wọn sílẹ̀ níbi tí ẹlòmíì ti lè rí i, ẹgbẹ́ nìkan ló ń buwọ́ lu ìwé tó bá jáde.

Ibi tó dùn mí jù ni ọ̀dọ̀ tiwa. Ọmọ ẹgbẹ́ kan dìde, ó ní àwọn yẹn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, kí ẹ jẹ́ ká jẹ tiwa ná. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹgbẹ́ méjì sì ń du ẹni tó ni àwọn agbálẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó ti bá wọn jókòó rí nínú méjèèjì.

A ti kọ̀wé sí ìjọba pé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tún iṣẹ́ ìmọ́tótó náà gbé jáde, kí wọ́n fi í sínú àdéhùn pé agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ san iye tí òfin pè, kí wọ́n sì ka gbogbo orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ní ọ̀kan. Ìdáhùn ẹnu la tíì gbà. Oṣù Kẹta ni àdéhùn tó wà nílẹ̀ máa parí, nítorí náà kò sí àyè fún fàájì.

Mi ò ní du ipò kankan níbi ìdìbò ẹ̀ka wa lọ́dún tó ń bọ̀. Ìgbìmọ̀ àwọn agbálẹ̀ ni mo gbà láti ṣe. Ohun tí a kò tíì ní lọ́wọ́ ni iye tí ìjọba ń san fún agbaṣẹ́ṣe náà lórí orí kọ̀ọ̀kan, ká lè fi í síwájú wọn pẹ̀lú iye tó ń kan ẹni tó ń gbálẹ̀. Ìpàdé àkọ́kọ́ máa wáyé ní Sátidé kejì oṣù Kìíní, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá jẹ́ akáǹtáǹtì, tàbí tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé iṣẹ́ kọngílá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ yẹn tó pé.