Larry tó mọ orúkọ ará Ṣáínà pè

Ọmọ mi ọkùnrin sọ̀rọ̀ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá tó dùn mí wọnú eegun. Ilé ẹ̀kọ́ fún un níṣẹ́ àṣetiléwá lórí Ai Weiwei, oníṣẹ́ ọnà ará Ṣáínà. Ó pe orúkọ ọkùnrin náà geere, ahọ́n rẹ̀ ò kọsẹ̀ rárá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ wa. Mo ní, "Ọláńrewájú, ẹ wá jẹun." Ó fajú ro, ó fi gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé Larry lòun ń jẹ́, kí n yé sọ èdè yẹn níwájú àlejò.

Larry! Ẹni tí bàbá mi fi fóònù sọ lórúkọ láti Ìjẹ̀bú Òde, tí àwọn àgbà ń ṣe àmín lọ́hùn-ún tí kírẹ́díìtì fi tán.

Kò mọ̀ pé òun ti rí iṣẹ́ Ai Weiwei rí. Ní 2015 tí Royal Academy, ilé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ní Piccadilly ní London, pàtẹ ẹ, mo gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ alábàáṣiṣẹ́ mi kan tí kò ráyè lọ, mo pọn ọmọ, ó di ibẹ̀. Àwọn òyìnbó ń wo ọ̀já mi ju iṣẹ́ ọnà lọ.

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Nínú fọ́tò mẹ́ta kan tó ti yà láti 1995, Ai di ìkòkò mú, ó jù ú sílẹ̀, ìkòkò fọ́ yángá. Ìkòkò ayé ìjọba Han o, nǹkan bí 2,000 ọdún! Kò sì sẹ́ni tó gbá a létí. Èmi fọ́ ìṣasùn ìyá àgbà rí, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ohùn mi.

Akàn tánganran tó 3,000 náà wà níbẹ̀, wọ́n ń gun ara wọn lórí. Nígbà tí ìjọba fẹ́ wó ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Shanghai, ó pe èrò wá jẹ akàn níbẹ̀, ni wọ́n bá sé òun fúnra rẹ̀ mọ́lé ní Beijing. Ó yẹ kí àánú ṣe mí. Ọbẹ̀ ilá alákàn Ẹ̀pẹ́ ni mo ń rò, ikùn mi sì kùn débi pé ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wojú mi.

Àfi yàrá tí wọ́n tẹ́ irin rọ́ọ̀dù sí. Ó tó nǹkan bí 90 tọ́ọ̀nù. Lára àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wó ní Sichuan ní Ṣáínà, nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní May 12, 2008, ni wọ́n ti ṣà á. Ó ti lọ́ kólokòlo. Ọwọ́ ni wọ́n fi lù ú ní ẹyọ ẹyọ títí ó fi tọ́. Orúkọ àwọn ọmọ tó kú, tó lé ní 5,000, wà lára ògiri pẹ̀lú ọjọ́ ìbí wọn. Ai àtàwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń ti ilé dé ilé béèrè orúkọ wọ̀nyẹn. Ọlọ́pàá lù ú ní Chengdu ní 2009, ó di iṣẹ́ abẹ lórí ní Munich.

Obìnrin ará Ṣáínà kan ń fi ìka tọ orúkọ náà, ó ń kà á jẹ́jẹ́. Ọmọ mi ń sùn lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mi ò lè dúró pẹ́.

Ẹ̀yin ará ilé ti mọ ibi tí mò ń lọ. March 13, 2019, ilé alájà tí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì l'Ékòó, àwọn ọmọ wà lókè. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà tí fídíò wọlé sórí WhatsApp: wọ́n ń gbé ọmọ tí eruku bò jáde, èrò ń pariwo. Rọ́ọ̀dù tó yọ lára kọnkéré ni ojú mi ń wá. Ilẹ̀ ò sì mì l'Ékòó lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ní èèyàn 20 ló kú. Orúkọ díẹ̀ ni mo rí nínú ìwé ìròyìn. Bí ẹ bá mọ ibi tí wọ́n to gbogbo rẹ̀ sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.